Edé tí mi ò rí nínú abọ́

Láti kékeré ni ara mi ti kọ edé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí mo jẹ mọ́ínmọ́ín níbi ìsọmọlórúkọ kan n'Ìbàdàn. Kí wọ́n tó pín míńírà dé ọ̀dọ̀ wa, ètè mi ti wú, ojú mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé. Láti ọjọ́ náà, kò sí ibi tí wọ́n ti máa bu oúnjẹ fún mi tí màmá mi ò ní kọ́kọ́ bèèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ fi edé sí i?" Nígbà tí mo dàgbà, mo gba ìbéèrè yẹn lọ́wọ́ wọn. Kò sì le nílé. Edé ilé wa kì í sá pamọ́. Ẹ máa rí i nínú ẹ̀fọ́ rírò, ẹ máa rí i nínú mọ́ínmọ́ín, bí wọ́n bá tiẹ̀ lọ̀ ọ́ kúnná, òórùn rẹ̀ á ti pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà.

Ní September 2024, mo lo ọ̀sẹ̀ méjì ní Gúúsù Kòríà lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan. Edé tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí mi níbẹ̀, mi ò fojú rí i rárá. Nítorí ẹni tó ní ohun tí ara rẹ̀ kọ̀, tó sì fẹ́ lọ bá ọ̀rẹ́ jẹun nílẹ̀ òkèèrè, ni mo ṣe ń kọ èyí.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi yìí jọ lo ilé ìdáná kan ní Leeds nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí a ń kàwé gboyè kejì níbẹ̀ lọ́dún 2018 sí 2019. Èmi á se jọ̀lọ́ọ̀fù, òun á din ìrẹsì, a ó sì bu fún ara wa. Ó máa ń ra kimchi inú ike ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Éṣíà, ìyẹn kábéèjì tí wọ́n fi iyọ̀ rẹ̀, tí wọ́n wá fi ata pupa àti aáyù pò, tí wọ́n jẹ́ kó kan. Mo máa ń tọ́ díẹ̀ wò lára rẹ̀. Ọ̀fun mi á máa yún mi, mo sì máa ń sọ pé ata ni.

Ẹ jẹ́ kí n dúró níbí yìí díẹ̀. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, ata ni wọ́n fi wò mí dàgbà. Ata máa ń ta èèyàn lẹ́nu, ó máa ń mú kí omi jáde lójú àti nímú, ṣùgbọ́n kì í yún ni lọ́fun. Mo mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ dáadáa. Ọdún mẹ́fà gbáko ni ara mi fi ń kìlọ̀ fún mi tí mi ò fetí sí i, torí pé mo ti pinnu lọ́kàn mi pé edé tí mi ò bá rí, kò sí níbẹ̀ ni.

Mo gba Addis Ababa dé pápákọ̀ òfuurufú Incheon. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, ọ̀rẹ́ mi kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta wá, obìnrin méjì àti ọkùnrin kan, a sì lọ jẹ samgyeopsal ní agbègbè Mapo ní Seoul. Ẹran ikùn ẹlẹ́dẹ̀ ni, orí iná tó wà láàárín tábìlì ni wọ́n ti ń yan án. Sísọ́ọ̀sì ni wọ́n fi ń gé e, wọn á wá fi ewé lẹ́tùsì wé e pẹ̀lú aáyù àti ẹ̀wà sóyà tí wọ́n ti mú kan, wọn á sì jù ú sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọn kì í gé e jẹ lẹ́ẹ̀mejì.

Kí oúnjẹ tó dé, ọ̀kan nínú wọn bi mí pé ọdún mélòó ni mo jẹ́. Inú bí mi. Ta ló ń bi obìnrin ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé? Mo sọ fún un pé mo jẹ́ ọmọ ọdún márùndínlógójì. Bí mo ṣe sọ ọ́ báyìí, àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní eonni, ọkùnrin ń pè mí ní nuna. Ẹ̀gbọ́n obìnrin ni ọ̀rọ̀ méjèèjì. Obìnrin ló ń sọ ti àkọ́kọ́, ọkùnrin ló ń sọ ìkejì. Wọn kò lè mọ bí wọ́n ṣe máa bá mi sọ̀rọ̀ láìmọ̀ bóyá mo jù wọ́n lọ tàbí wọ́n jù mí lọ. Ó yẹ kí ọmọ Yorùbá tètè gbọ́ èyí yé ju ẹnikẹ́ni lọ, ṣùgbọ́n mo ti gbé Leeds, mo ti kọ́ láti bínú sí i.

Ipò ẹ̀gbọ́n ní iṣẹ́ tiẹ̀. Ìrẹsì dé, ọbẹ̀ dé, gbogbo wa jókòó, a ń wo ara wa. Mo rò pé wọ́n fẹ́ gbàdúrà. Èmi ni wọ́n ń dúró dè, torí àbúrò kì í gbé ṣíbí kí ẹ̀gbọ́n tó gbé tirẹ̀. Oúnjẹ ń tutù nítorí pé àgbà ò mọ̀ pé òun ni àgbà. Lẹ́yìn èyí, mo fẹ́ gba ọwọ́ mi láti mu omi, mo sì gún ọ̀pá ìjẹun mi méjèèjì ní òró sínú ìrẹsì. Tábìlì dákẹ́. Ọ̀rẹ́ mi rọra yọ wọ́n, ó tẹ́ wọn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́. Ó sọ fún mi lójú ọ̀nà ilé pé oúnjẹ òkú ni wọ́n ń gún ọ̀pá sí bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di ọ̀rọ̀ owó, mo kó owó jáde, mo ní kí a pín in sọ́nà márùn-ún, ojú sì ti gbogbo wa. Àlejò ni mo jẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, wọn ò retí owó lọ́wọ́ mi. Ibi tó kàn, níbi tí a ti lọ mu kọfí, ni ó ti yẹ kí ẹ̀gbọ́n dìde kí ó lọ sanwó láìpariwo. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tó yá, mo sì rí i bí ara ṣe tu wọ́n.

Àwọn àṣìṣe yẹn kò pa ẹnikẹ́ni lára. Èyí tó yẹ kí n fiyè sí ni pé lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n da kimchi sórí iná pẹ̀lú ẹran, mo jẹ ẹ́ gan-an, ọ̀fun mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Mo mu omi. Wọ́n yìn mí pé òyìnbó tó wá lóṣù tó kọjá kò lè jẹ ìdajì ata tí mo jẹ. Ìyìn náà dùn mọ́ mi, mo bu sí i.

Ọjà Gwangjang la lọ lọ́jọ́ kejì, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ìbànújẹ́ ni gbogbo ìrìn àjò yìí. Àwọn ìyá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń fi ọlọ olókùúta lọ ẹ̀wà kéékèèké aláwọ̀ ewé tí wọ́n ti rẹ sómi, ọlọ ń yí, ẹ̀wà tí wọ́n lọ̀ ń ṣàn sínú agbada, wọ́n ń dín in nínú òróró tó pọ̀. Bindaetteok ni wọ́n ń pè é. Mo dúró síbẹ̀, mo ń gbọ́ òróró tó ń ké, mo ń ṣàlàyé àkàrà fún wọn, bí a ṣe ń rẹ ẹ̀wà, bí a ṣe ń bó o, bí a ṣe ń pò ó. Ìyá tó ń dín in kò gbọ́ ọ̀rọ̀ mi kankan, ṣùgbọ́n ó rí bí mo ṣe ń fi ọwọ́ júwe, ó sì fi ọ̀kan lé tiwa lórí láìgba owó.

Èyí tó le ṣẹlẹ̀ ní Jeonju, ìlú ìyá ọ̀rẹ́ mi. Chuseok, ọdún ìkórè wọn, máa ń bọ́ sí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹjọ nínú kàlẹ́ńdà òṣùpá, lọ́dún 2024, ọjọ́ 17 September ni. Gbogbo èèyàn ló máa ń padà sílé, ọ̀nà á kún, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin á sì ti tán tipẹ́tipẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ti ra tiwa sílẹ̀. A wọ KTX, ọkọ̀ ojú irin wọn tó ń sáré gan-an, ní Yongsan ní Seoul, a ń lọ sílé ìyá rẹ̀.

Nínú ọkọ̀ yẹn ló ti bi mí pé, "Eonni, ṣé nǹkan kan wà tí o kì í jẹ? Màmá mi ń bèèrè. Wọ́n fẹ́ lọ ọjà."

Mo ní, "Rárá o. Gbogbo nǹkan ni mò ń jẹ."

Mo ti ro gbólóhùn yẹn lọ, ro ó bọ̀. Kì í ṣe pé mo gbàgbé edé. Ó wá sí mi lọ́kàn, mo sì tì í padà. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Bí àlejò bá dé, tí ìyá onílé gbé oúnjẹ kalẹ̀, tí àlejò ní òun ò jẹ, ojú onílé á yí padà. "Ṣé o rò pé mo fi nǹkan sí i ni?" Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn, pé kí n jẹ, ì báà ṣe òkèlè méjì. Mo sì rò pé tí mo bá rí edé nínú abọ́, màá kàn yẹra fún un jẹ́ẹ́jẹ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ojú mi ni mo gbẹ́kẹ̀ lé.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú ọdún, a jókòó yí ìyẹ̀fun ìrẹsì ká, a ń mọ songpyeon. Àkàrà ìrẹsì kékeré ni, tí wọ́n máa ń fi yànmọ̀tí àti oyin sí nínú, tí wọ́n á sì fi ewé igi páìnì tẹ́ abẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó fi ooru sè é. Wọ́n ní ẹni tó bá mọ ọ́n kó rẹwà, ọmọbìnrin tó rẹwà ni yóò bí. Tèmi ò rẹwà. Ìyá ọ̀rẹ́ mi gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dáa. Nígbà tó di alẹ́, wọ́n gbé ọbẹ̀ kan wá tí wọ́n ń pè ní cheonggukjang, ẹ̀wà sóyà tí wọ́n sè, tí wọ́n bò mọ́lẹ̀ títí ó fi ń yọ̀. Bí wọ́n ṣe ṣí ìdérí rẹ̀, mo pariwo "Irú!" Òórùn irú gan-an ni. Ọ̀rẹ́ mi tún wádìí rẹ̀ lórí fóònù níbẹ̀ yẹn, ó ní kòkòrò àìfojúrí kan náà, Bacillus subtilis, ló ń ṣiṣẹ́ lára irú àti ohun tí a ń jẹ yìí. Ọbẹ̀ kókò náà tún wà níbẹ̀, kókò wa gan-an, ó jẹ́ oúnjẹ Chuseok lọ́dọ̀ wọn. Mo jẹun, mo yó, mo rò pé ilé ni mo wà. Ọkàn mi balẹ̀ jù.

Láàárọ̀ ọjọ́ ọdún, wọ́n tẹ́ tábìlì fún bàbá àgbà ilé náà tó ti kú, wọ́n foríbalẹ̀, lẹ́yìn náà la jókòó jẹun. Ìyá ọ̀rẹ́ mi ti po kimchi tuntun nítorí ọdún. Ó fi ọwọ́ ya ewé kábéèjì gígùn kan, ó sì gbé e lé orí ìrẹsì tó wà nínú ṣíbí mi. Kò sí ẹni tó ní láti túmọ̀ ìyẹn fún mi. Màmá mi náà máa ń fi ọwọ́ ya ẹran fún mi bẹ́ẹ̀. Mo jẹ ẹ́. Ó tún ya òmíràn. Ó ti ẹyin sísè kan sọ́dọ̀ mi nínú ìkòkò amọ̀ kékeré, gyeran-jjim, ó rọ̀ bí ògì. Mo jẹ ìyẹn náà.

Ọ̀fun mi bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi, etí mi náà bẹ̀rẹ̀. Mo tún jẹ ṣíbí mẹ́ta lé e, torí pé ìyá ń wò mí. Nígbà tí mo dé ilé ìwẹ̀, tí mo wo dígí, ètè mi ti yọ síwájú. Mo gbé loratadine kan mì, oògùn ara yíyún, mo fi omi tútù bọ́jú, mo jókòó sílẹ̀ díẹ̀, mo sì padà lọ jókòó nídìí oúnjẹ, mò ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: mo padà lọ jókòó. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, ohùn mi yí padà, bíi pé ẹnìkan di ọrùn mi mú. Àbúrò ọ̀rẹ́ mi wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó pe 119, nọ́ńbà pàjáwìrì wọn.

Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn kéékèèké ló ti tì nítorí ọdún, ṣùgbọ́n ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn ńlá ṣí sílẹ̀. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ ní itan, wọ́n fa omi sí mi lára. Mí-mí mi padà bọ̀ sípò. Dókítà ní kí n má tíì lọ, torí ó lè padà lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Ó tún sọ fún mi pé irú oògùn tí mo gbé mì yẹn lè dá ara yíyún dúró, kò lè ṣí ọ̀fun tó ń dí, pé nígbà mìíràn tí èémí bá ti lọ́wọ́ nínú rẹ̀, n kò gbọdọ̀ jókòó sí ilé ìwẹ̀ kankan. Ó bi ọ̀rẹ́ mi pé kí ni mo jẹ. Ọ̀rẹ́ mi ń kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé orí ẹyin, ó dúró. Ó ní, "Saeujeot."

Edé kéékèèké ni saeujeot, wọ́n á da iyọ̀ sí i, wọ́n á fi í pamọ́ fún oṣù púpọ̀ títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ́. Wọ́n máa ń fi í sí kimchi kí ó lè dùn kí ó sì tètè kan, agbègbè Jeolla tí Jeonju wà sì ni wọ́n mọ̀ sí ibi tí wọ́n ti ń fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí kimchi dáadáa. Wọ́n máa ń fi í sí ẹyin dípò iyọ̀. Kò léfòó, kò ní orí, kò ní ìrù. Ojú tí mo gbẹ́kẹ̀ lé kò lè rí i láéláé.

Ìyá ọ̀rẹ́ mi jókòó ní kọ́rídọ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú épírọ́ọ̀nù tó fi dáná lára rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí n máa lọ, ó dìde, ó tẹrí ba fún mi, ó ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà léraléra. Mo bi ọ̀rẹ́ mi kí ni ó ń sọ. Ó ní, "Wọ́n ní kí o má bínú. Wọ́n ní ọwọ́ àwọn ni àwọn fi gbé e sí ọ lẹ́nu."

Obìnrin tó lè bí mi ló ń bẹ̀ mí fún oúnjẹ tó fi ọjọ́ méjì sè nítorí mi. Mo kúnlẹ̀ ní kọ́rídọ̀ yẹn. Mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé kí ó sọ fún wọn pé láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti mọ̀, pé nínú ọkọ̀ ojú irin, mo parọ́ fún un. Ọ̀rẹ́ mi kò kọ́kọ́ túmọ̀ rẹ̀. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Ṣùgbọ́n mo bi ọ́." Ìyẹn dùn mí ju abẹ́rẹ́ lọ.

Àwọn àgbà wa ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo máa ń rò pé ẹni tó dákẹ́ nìkan ló ń jìyà rẹ̀. Èmi dákẹ́, mo pè é ní ọ̀wọ̀, ìyá kan sì jókòó gbogbo ọjọ́ ọdún lórí àga ilé ìwòsàn, ó ń rò pé òun ti pa ọmọ ọlọ́mọ.

Lọ́jọ́ kejì, ó mú mi lọ síwájú fìríìjì kejì tí wọ́n ní, ti kimchi nìkan. Ó ń gbé ike jáde, ó ń tọ́ka, ọmọ rẹ̀ ń túmọ̀. Èyí ní saeujeot, èyí ní in, èyí kò ní in. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́ ohun tó yẹ kí n ti kọ́ kí n tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ọbẹ̀ tofu rírọ̀, ìyẹn wàrà ẹ̀wà sóyà, lè ní in. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ bíbọ̀ máa ń bá a rìn. Kongnamul-gukbap, ọbẹ̀ ìrẹsì tí gbogbo èèyàn ń tìtorí rẹ̀ lọ sí Jeonju, òun náà ni wọ́n fi ń ṣe iyọ̀ rẹ̀. Kimchi tí wọ́n ń ṣe ní tẹ́ńpìlì àwọn ẹlẹ́sìn Búdà kì í ní in, torí wọn kì í fi ẹran tàbí ẹja sí oúnjẹ wọn. Tí ó bá jẹ́ oúnjẹ inú ọ̀rá tàbí ike láti ṣọ́ọ̀bù, òfin wọn ní kí wọ́n kọ àwọn ohun tí ara àwọn èèyàn máa ń kọ̀ sí i lára, nítorí náà, ẹ mọ bí 새우 ṣe rí, saeu ni, edé nìyẹn. Akàn ni 게. Mo kọ gbólóhùn méjì sínú páálí kékeré kan: 저는 새우 알레르기가 있어요. 새우젓도 안 돼요. Ara mi kọ edé; saeujeot pàápàá, mi ò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Láti ọjọ́ náà, mo ń fi í han àwọn alásè kí n tó jókòó, kì í ṣe lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé oúnjẹ wá. Bí èdè bá dí yín lọ́wọ́, nọ́ńbà 1330 wà fún àwọn arìnrìn-àjò, ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀ tọ̀sántòru.

Ó tún ku ọ̀kan. Ẹ má ṣe sọ pé ẹ ò fẹ́ràn rẹ̀. Tí ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀, wọn á ní kí ẹ tọ́ ọ wò díẹ̀, bí ìyá yín náà ṣe máa sọ. Ẹ sọ pé ara yín kọ̀ ọ́, pé ó máa ń dí yín lọ́fun. Ọkùnrin kan ní ilé oúnjẹ bibimbap kan, ìrẹsì tí wọ́n ń fi oríṣiríṣi ẹ̀fọ́ pò, gba páálí mi, ó wọ inú lọ, ó pẹ́, ó padà wá, ó kó abọ́ kékeré méjì kúrò nínú àwọn tó ti tò síwájú mi, ó sì fi ẹ̀fọ́ rọ́pò wọn. Kò bínú. Ó dà bíi pé mo fún un ní iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe dáadáa.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a máa kúrò ní Jeonju, ìyá ọ̀rẹ́ mi ti jí kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìkòkò amọ̀ kékeré yẹn tún wà lórí tábìlì, ẹyin ń hó nínú rẹ̀. Mi ò lè fọwọ́ kàn án. Ó rí mi. Ó lọ gbé ike iyọ̀ funfun wá láti ilé ìdáná, ó gbé e kalẹ̀ níwájú mi, ó sì ń fi ìka tọ́ka sí i. "Sogeum-man," ó ní. Iyọ̀ nìkan. "Sogeum-man, sogeum-man."

Mo dúró títí ó fi gbé ṣíbí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gbé tèmi, mo sì jẹ ẹyin yẹn tán.